Ẹni Tó Kun Káàdì Náà

Láti ọjọ́ tí ìwé ti dé láti ilé ìkàwé pé kí Bàbá Atẹ̀wé gbé káàdì rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò ló ti ń múra bí ọkọ ìyàwó. Ó gẹ irun, ó gé èékánná, ó sì lọ ẹ̀wù tí kò rún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó yà kí i láàárọ̀ ọjọ́ náà wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé káàdì ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò ni, àbí ẹ̀yin gan-an?" Bàbá dá a lóhùn pé ẹni tó gbé iṣẹ́ tó mọ́ dání kò gbọdọ̀ rí wúruwùru. Kì í ṣe ẹni tí í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Káàdì tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọkùnrin fi ń ta ayò lẹ́yìn iṣẹ́. Tárò ni wọ́n ń pè é, káàdì ayé àtijọ́ ni, méjìdínlọ́gọ́rin sì ni odidi rẹ̀. Méjìlélógún nínú wọn ló ní àwòrán ńlá: ọba lórí ìtẹ́, ayaba, oòrùn, òṣùpá, ilé gogoro tí mànàmáná ń wó lulẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ń fi í wo ọjọ́ iwájú. Bàbá Atẹ̀wé kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé ayò ni wọ́n fi í ta níbẹ̀rẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀la ṣe máa rí, kó lọ sùn, kó sì jí. Ohun tó gba ọkàn tirẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é: igi tí wọ́n gbẹ́, tàdáwà tí wọ́n fi pa á, bébà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lórí.

Ilé ìkàwé ní odidi kan tó ti lo ju igba ọdún lọ. Àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣá. Wọ́n fẹ́ pàtẹ rẹ̀ sínú àpótí onígíláàsì lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà tuntun kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ará ìta lè rí bó ṣe rí nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni àyè gbà. Méjì ló sì wà nílẹ̀.

Bàbá Atẹ̀wé ló ṣe ọ̀kan, òun àti ìyàwó rẹ̀. Òun gbẹ́ igi fún ọdún mẹ́rin, ó sì tẹ àwòrán dúdú sórí bébà. Ìyàwó rẹ̀ ló kùn ún. Ọdún kan gbáko ni obìnrin náà fi ń lọ jókòó ti káàdì àtijọ́ náà ní ilé ìkàwé lọ́jọ́rú lọ́jọ́rú, tó ń kọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bó bá dé ilé, yóò fi ọ̀bẹ kékeré gé ihò sára bébà líle, yóò gbé e lé káàdì lórí, yóò sì fi búrọ́ọ̀ṣì gba inú ihò náà. Bébà kan fún pupa, òmíràn fún búlúù, òmíràn fún yẹ́lò. Bí àwọn ará àtijọ́ ti ń ṣe é nìyẹn. Ó parí káàdì kejìdínlọ́gọ́rin, ó fọ búrọ́ọ̀ṣì, ó sá a sójú fèrèsé. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tó ṣàìsí.

Oṣù kẹjọ rèé tí káàdì náà ti wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn. Bàbá Atẹ̀wé kò ṣí i rí. Ohun tó ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin náà wà níbi tí ojú ènìyàn yóò ti máa tó o, kó má tún padà sábẹ́ ibùsùn.

Ẹni tó ni ẹ̀dà kejì kì í ṣe àjèjì. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ayafọ́tò. Kámẹ́rà ni ó fi ya káàdì àtijọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ló sì bá a tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá Atẹ̀wé máa ń sọ fún un pé ẹni tó ya fọ́tò ọbẹ̀ kò tí ì se ọbẹ̀. Ayafọ́tò náà á ní ẹni tó fi ọdún mẹ́rin se ọbẹ̀, ebi ti pa àlejò rẹ̀ kú. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn fà á láti ọjọ́ pípẹ́, olóògbé ló sì máa ń jókòó sáàárín wọn, tí yóò máa rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí kò ti sí ẹni tó ń jókòó sáàárín, ohùn àwọn méjèèjì ti rọ̀, èyí kò sì dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Agogo mẹ́wàá ni wọ́n pàdé ní yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìkàwé. Tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé, àti fèrèsé ńlá kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n tí oòrùn kò kan tábìlì. Ayafọ́tò ti dé ṣáájú. Ó tẹríba fún àna rẹ̀, ó wo àpótí tí ìyẹn gbé dání, ó wo okùn tó fi dì í yíká lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ̀gbọ́n, okùn yìí mà pọ̀. Ṣé káàdì yẹn fẹ́ sá lọ ni?"

"Ẹbí ìyàwó mi ni mo ń sá fún," ni Bàbá Atẹ̀wé wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

Inú Ayafọ́tò dùn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bú u bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Obìnrin tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ ní ilé ìkàwé náà ló máa ṣe àyẹ̀wò. Ìyá Oníbọ̀wọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ ọ́, nítorí kò sẹ́ni tó tí ì rí ọwọ́ rẹ̀ lásán rí. Ìbọ̀wọ́ funfun ló fi ń ṣí ìwé, òun ló fi ń ti ilẹ̀kùn, àwọn aláwàdà kan tilẹ̀ ní òun náà ló fi ń mu tíì. Ó kí Bàbá Atẹ̀wé kú ìrọ́jú, ó sì ní àga tí olóògbé máa ń jókòó lé lọ́jọ́rú ló wà ní ìkángun tábìlì yẹn. Bàbá wo àga náà. Kò jókòó lé e.

Òfin kan wà ní yàrá náà. Ìyá Oníbọ̀wọ́ kì í béèrè ohun tó dára nínú iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ó ní ìyẹn kò ní tán láéláé. Àléébù ló ń béèrè. Oníkálukú ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ka àléébù iṣẹ́ tó gbé wá, nítorí òun ló mọ ibi tí ọwọ́ ti yẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi ọ̀kan pamọ́, tí obìnrin náà sì rí i fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà, kó má tún gun àtẹ̀gùn yẹn mọ́.

Ó to káàdì àtijọ́ sáàárín tábìlì, ó to ti Bàbá sọ́tùn-ún, ti Ayafọ́tò sósì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n ní mẹ́ta mẹ́ta. Ayafọ́tò ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ojú kò sì tì í rárá. Ó ní bébà òun ti funfun jù, ó sì ń dán bí orí ọmọ tuntun. Ó ní bí ènìyàn bá fi awò wò ó dáadáa, yóò rí i pé ẹ̀rọ kò fi àwọ̀ kùn ún, ńṣe ló kàn to àmì àwọ̀ tíntìntín sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó wà nínú ti àtijọ́ náà ló wà nínú tòun, títí kan ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́.

Ó kan Bàbá Atẹ̀wé. Ó sọ pé imú ayaba tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ọ̀bẹ fò lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ náà. Ayafọ́tò fi awò wò ó, ó ní òun kò tí ì rí ayaba tí ọ̀fìnkìn ń ṣe rí. Bàbá ní kó fi sùúrù ṣe é, imú ìyá rẹ̀ ni òun wò gbẹ́ ẹ. Ìyá Oníbọ̀wọ́ bojú wo ìta ní fèrèsé, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Bàbá ń bá a lọ: apá kan nínú kẹ̀kẹ́ tó ń yí tín-ínrín jù, lẹ́tà kan dojú kọ ẹ̀yìn lábẹ́ òṣùpá. Ó kà á tán pátá, kò sì wá àwíjàre kankan.

Nígbà tó kan àwọ̀, Ìyá Oníbọ̀wọ́ sún mọ́ tábìlì. Ó wo obìnrin tó ń da omi lábẹ́ ìràwọ̀ lára káàdì kan, ó fi ti tuntun wé ti àtijọ́. Ó wo apá ọba, níbi tí pupa ti yọ kọjá ìlà díẹ̀ lára káàdì àtijọ́ nítorí pé ẹni tó kùn ún ń kánjú. Pupa yọ kọjá ìlà níbẹ̀ náà lára ti tuntun, bákan náà gẹ́lẹ́. Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí òun ti wà ní ọ̀dọ́, òun kò tí ì rí ẹni tó fi ọwọ́ lásán kun ẹ̀dà tó jọra tó báyìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," ni Ayafọ́tò wí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Kò tún sọ̀rọ̀ nípa ọ̀fìnkìn mọ́.

Bàbá Atẹ̀wé rí i pé obìnrin náà ti mú bírò. Ó rí bébà tó wà níwájú rẹ̀, ó rí àyè tí wọn yóò kọ ẹ̀dà tó wọlé sí. Ó ku káàdì aláwòrán kan ṣoṣo, arìnrìnàjò, èyí tí kò ní nọ́ńbà, tí wọ́n ń fi sẹ́yìn nítorí náà. Ọkùnrin kan ni ó wà lára rẹ̀ tó gbé ọ̀pá kọ́ èjìká, ẹrù kékeré so mọ́ ọ̀pá náà, ajá kan sì ń họ ọ́ ní itan. Ìyá Oníbọ̀wọ́ wo ajá náà dáadáa, ó ní ajá dára, ó sì na ọwọ́ láti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílẹ̀.

Ìgbà náà ni Bàbá Atẹ̀wé rí bàtà.

Lára káàdì àtijọ́, bàtà méjèèjì pupa. Lára ti Ayafọ́tò, pupa ni méjèèjì. Lára ti ìyàwó rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún pupa, ẹsẹ̀ òsì búlúù.

Kò sẹ́ni tó rí i àfi òun. Ìyá Oníbọ̀wọ́ ti gbójú kúrò, Ayafọ́tò ṣì ń nu awò tó ti mọ́ láti ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Bàbá dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì. Àléébù tirẹ̀ kò wúwo lẹ́nu rẹ̀ láti sọ. Ó sọ imú, ó sọ kẹ̀kẹ́, ó sọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe tirẹ̀. Ti ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti wí tẹnu rẹ̀ ni. Bí ó bá pa ẹnu mọ́, káàdì náà yóò wọ inú gíláàsì, àwọn ènìyàn yóò máa wò ó, kò sì sí ẹni tó máa lọ wo bàtà arìnrìnàjò. Bí ó bá sọ ọ́, abẹ́ ibùsùn ni.

Ó rántí ọjọ́ kan tí obìnrin náà da káàdì mọ́kànlá nù nítorí pé yẹ́lò kan rẹwẹ̀sì, tí òun ń bẹ̀ ẹ́ pé kò sí ẹni tó máa mọ̀. Obìnrin náà ní, "Èmi tí mo mọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà sílẹ̀," ni Bàbá Atẹ̀wé wí. "Bàtà ẹsẹ̀ òsì. Búlúù ni. Pupa ló yẹ kó jẹ́."

Ìyá Oníbọ̀wọ́ dá a padà, ó gbé awò lé e. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú sókè. Ó ní lóòótọ́ ni. Ó rọra fi bírò sílẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé ó dun òun, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó bá yí àwọ̀ kan padà kò lè jẹ́rìí bí ti àtijọ́ ṣe rí. Bí wọ́n bá fi í sínú gíláàsì, irọ́ kékeré ni wọ́n ń pa fún ará ìta. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó káàdì rẹ̀ jọ.

Ó kó o dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ojú oníṣẹ́ kò sì jẹ́ kó lọ. Ó tún mú arìnrìnàjò náà, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé.

"Búrọ́ọ̀ṣì kò lè ṣe eléyìí," ni ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní kí ló dé. Ó ṣàlàyé fún wọn pé bí ọwọ́ bá yẹ̀ níbi kíkùn, àwọ̀ yóò yọ kọjá ìlà ni. Èyí kò yọ síbì kankan. Bàtà búlúù yìí mọ́ létí yípo. Kí búlúù tó lè débẹ̀, ẹni tó ń kùn ún ní láti fi ọ̀bẹ gé ihò tó rí bíi bàtà sára bébà búlúù, kó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìgé lára bébà ti pupa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbọ́dọ̀ rò ó. Kì í ṣe àṣìṣe. Ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni.

Ó wo káàdì náà bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan pa mọ́ fún. Ó ní kí ló wá fẹ́ fi bàtà aláwọ̀ méjì ṣe?

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Ayafọ́tò kó tó di ọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di etí tábìlì mú.

"Ẹ̀gbọ́n, níbi ìgbéyàwó mi, ta ló wọ bàtà pupa rúsúrúsú sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, tó wọ dúdú sí òsì?"

Bàbá Atẹ̀wé ti bojú wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun wò ó. Ti òní bára mu.

Ayafọ́tò yíjú sí Ìyá Oníbọ̀wọ́, ó sì rò fún un. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ló gba ọkùnrin yìí lọ́kàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sáré wọṣọ nínú òkùnkùn. Wọ́n ti tò láti ya fọ́tò kí ìyàwó rẹ̀ tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín débi pé kò sí fọ́tò kan tí ẹnu rẹ̀ pa dé nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ dúró gbọn-in, ó fàjú ro, ó ní kí wọ́n máa yà á lọ, pé bàtà ni méjèèjì, wọ́n sì ń rìn. Ayafọ́tò ní fọ́tò náà ń bẹ nílé òun, òun lè lọ gbé e wá nísinsìnyí. Bí dúdú kò bá sí lára àwọ̀ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n òun ń lò, búlúù ló sún mọ́ ọn jù.

"Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n to àwọn bàtà yẹn sí," ni Bàbá wí. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó ti ń fẹ̀. Ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú, bí ẹni tí kò fẹ́ kó jáde.

Ìyá Oníbọ̀wọ́ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde. Ó wọ yàrá inú lọ, ó sì gbé páálí pẹlẹbẹ mẹ́rin jáde. Tárò àtijọ́ ló wà nínú wọn, àwòrán kan náà, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Ó yọ arìnrìnàjò kọ̀ọ̀kan jáde, ó tò wọ́n. Oníṣẹ́ kan so agogo mọ́ ọrùn ajá. Òmíràn fi ìyẹ́ sí fìlà. Ẹ̀kẹta yí ajá padà di ológbò. Ẹ̀kẹrin fi irùngbọ̀n sí ọkùnrin náà lágbọ̀n. Ó ní àwọn oníṣẹ́ tó ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ń wo iṣẹ́ ara wọn ṣe ni, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò fi ohun kan ti ara rẹ̀ sí i, kí ojú lè dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

"Ọjọ́rú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, àwọn yìí ni ìyàwó yín ní kí n máa gbé jáde fún òun," ni ó wí. "Ó bi mí ìdí tí wọn ò fi dọ́gba. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó sì lọ sílé. Mi ò mọ̀ pé ọ̀bẹ ló lọ mú."

Bàbá Atẹ̀wé wo arìnrìnàjò mẹ́rin náà àti ti ìyàwó rẹ̀. Òun ti ń pe iṣẹ́ òun àti ìyàwó òun ní ẹ̀dà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Obìnrin náà kò pè é bẹ́ẹ̀.

Ìyá Oníbọ̀wọ́ sọ ohun tó máa ṣe. Ẹ̀dà Ayafọ́tò ni yóò wọ inú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà, nítorí kò yí nǹkan kan padà. Ayafọ́tò kò mọ bó ṣe máa yọ̀. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n má bínú o, kámẹ́rà ni kò ní làákàyè láti yí nǹkan. Ṣùgbọ́n tábìlì kan wà láàárín gbọ̀ngàn, obìnrin náà ní, tí wọn yóò to tárò àwọn oníṣẹ́ mẹ́rin yìí sí, àyè sì wà fún ẹ̀karùn-ún. Àwọn tó bá jókòó síbẹ̀ yóò fọwọ́ ara wọn ṣí i. Ó fa bébà míì jáde. Orí ìlà àkọ́kọ́, wọ́n ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe káàdì náà.

Bàbá Atẹ̀wé jókòó. Àga ìkángun tábìlì ló fà, kò rò ó. Gbogbo ohun tó jáde láti ilé ìtẹ̀wé wọn, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló ń wà lára rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe, òun náà kò sì bi ẹnikẹ́ni rí. Ó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sórí ìlà náà, orúkọ àbísọ àti ti bàbá rẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà. Abẹ́ rẹ̀ ló kọ tirẹ̀ sí, ó sì fi kún un pé òun ló gbẹ́ igi.

Ìlà kejì béèrè àléébù. Ó kọ imú ayaba. Ó kọ apá kẹ̀kẹ́, ó kọ lẹ́tà tó dojú kọ ẹ̀yìn. Níbi tí wọ́n ti béèrè ti àwọ̀, ó kọ pé: kò sí.

Ayafọ́tò ti na ọrùn kọjá èjìká rẹ̀, ó ń kà á. Ó ní, "Kò sí kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, yẹ́lò tó yọ kọjá ìlà lẹ́sẹ̀ ẹṣin ńkọ́? Kò yọ lára ti àtijọ́."

"Ẹsẹ̀ ẹṣin yẹn, èmi ni mo gbẹ́ ẹ tín-ínrín jù," ni Bàbá Atẹ̀wé wí. "Níbo lo fẹ́ kí yẹ́lò gbà?"

Ó sì kọ ẹsẹ̀ ẹṣin kún àléébù tirẹ̀, ó bu ọwọ́ lù ú, ó sì dá bírò padà fún Ìyá Oníbọ̀wọ́.